Orúkọ Tí Lẹ́tà Kọ Sára Ògiri

Lẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ síńbọ́ọ̀dù jẹun: ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ti dókítà eyín, ti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ti àwọn onímọ́tò tó fẹ́ kí ayé mọ ẹni tó ni ọkọ̀. Bí o bá rìn láti ìkóríta dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, o ó rí ọwọ́ rẹ̀ níbi mẹ́tàdínlógún, o ò sì ní rí orúkọ tirẹ̀ níbì kan ṣoṣo. Akọ̀wé síńbọ́ọ̀dù kì í fọwọ́ sí iṣẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù ló ni bọ́ọ̀dù, òun náà ló ni orúkọ. Ìwọ kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ, kí o máa lọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ gàdàgbà sórí rọ́bà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó tún ń fi fọ́tò oníṣọ́ọ̀bù tó ń rẹ́rìn-ín kún un. Àwọn oníbàárà Lẹ́tà ò bá a jà. Wọ́n kàn ń kí i dáadáa ni, wọ́n sì ń gba ibòmíràn lọ. Kò sóhun tó ń dun oníṣẹ́ ọwọ́ tó ìkíni ẹni tí kò níṣẹ́ fún un mọ́. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta wá jókòó sójúde ilé rẹ̀, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí kò dọ̀tí.

Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ wá bá a. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ọdún mọ́kànlá ni Lẹ́tà fi jù ú lọ. Lẹ́tà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ A àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, lórí síléètì, kó tó wọ ilé ìwé. Àbúrò yìí ti di èèyàn pàtàkì láàárín àwọn tó ń fi agolo ọ̀dà fín orúkọ àti àwòrán sára ògiri ìta, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní gráfíìtì. Kùukùu ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bó bá ń ṣiṣẹ́, èéfín ọ̀dà a bò ó mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọn a máa gbọ́.

Kùukùu jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá kọ́ iṣẹ́ yìí," ó wí. "Orúkọ ara yín lẹ ó kọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé kí ẹ gbé e sápá òsì díẹ̀."

Lẹ́tà ní àgbà kì í padà lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ní gbogbo òru ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń rò: orúkọ ara rẹ̀, lára ògiri, kó tóbi.

Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan tó ti kógbá wọlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́tà gbé ọ̀pá ìfọwọ́tì rẹ̀ dání, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn akọ̀wé síńbọ́ọ̀dù máa ń gbé ọwọ́ lé kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Kùukùu rí ọ̀pá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ti nǹkan ṣe, pé láti èjìká ló ti ń wá. Lẹ́tà gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó mú agolo, ó mì ín bí wọ́n ṣe ní kó mì ín, bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ ń dún kólokòlo. Ó na agolo sí ògiri, ó tẹ orí rẹ̀. Ojú ihò ọ̀dà wá kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Irùngbọ̀n tó ti ń hu ewú láti ọdún mẹ́fà di búlúù lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní lóòótọ́ lòun ti ń gbàdúrà kí ewú ọkọ òun dínkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ yìí lòun tọrọ.

Èyí tó ṣòro fún un jù ni bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́ náà. Akọ̀wé síńbọ́ọ̀dù a kọ́kọ́ fa ìlà, a wá kun inú rẹ̀. Inú ni àwọn alágolo ń kọ́kọ́ kùn, bí ẹni tó ń fi ọ̀dà ṣòfò. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń fa ìlà tó máa sọ ọ́ di lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀. Bó bá ti dúró pẹ́ lójú kan, ọ̀dà a ṣàn wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dà tó bá ń ṣàn, ọkàn ẹni tó ń fín in ni ò balẹ̀," Kùukùu a wí. "Ẹ má rò ó. Ẹ kọjá."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọjá. Ó fín L kan tó sanra, tó fẹ̀yìn tì bí ẹni tó jẹun yó, ọ̀dà kankan ò ṣàn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú ń tì í. Kùukùu pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì sọ òfin iṣẹ́ náà fún un lọ́jọ́ yẹn: ẹnì kan ò gbọdọ̀ kùn lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, àfi bí tirẹ̀ bá máa dára jù ú lọ. Lẹ́tà bi í bóyá òfin kan ṣoṣo yẹn náà ni. Kùukùu ní òun náà ni.

Ohun kan ló kù tó ń tì í lójú. Kò lè ka iṣẹ́ wọn. Òun tó ń ka síńbọ́ọ̀dù láti òpin òpópónà, bó bá dúró níwájú ògiri àwọn alágolo, ojú rẹ̀ a ṣú. Wọ́n ti lọ́ àwọn lẹ́tà mọ́ra wọn, wọ́n fún òmíràn ní ìrù, wọ́n fún òmíràn ní ìwo, a ò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Kùukùu ní kó fọkàn balẹ̀, pé ojú rẹ̀ máa là bó bá yá. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wò ó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Lẹ́yìn ọ̀rẹyìn ni Lẹ́tà rántí wíwò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin pé, Kùukùu ní ó tó àkókò láti jáde síta. Ó ní ògiri kan wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, pé òun ti bá a tọ́jú rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ, nígbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì.

Ògiri náà ò ṣófo. Òbìrìkìtì ńlá mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, pupa àti yẹ́lò, wọ́n ń yí bí ohun tí ẹnì kan ta sílẹ̀ tí kò tíì ṣubú, nǹkan bí ẹ̀gún sì ń yọ láàárín wọn. Lókè gbogbo rẹ̀, òrùka funfun kékeré kan dá wà. Lẹ́tà dúró, ó gbé orí sókè. Kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni, ó mọ ọwọ́ tó dára. Ó bi àbúrò rẹ̀ léèrè ohun tí èyí jẹ́.

"Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni," Kùukùu wí. "Ẹnì kan ló fi ṣeré. Ó ti kúrò nílùú, ó ní ká máa lo ògiri yẹn."

Lẹ́tà tọ́ka sí òrùka òkè. Kùukùu ní bóyá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé nìyẹn. Bí ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, Lẹ́tà ì bá tún bi í. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki rólà bọ ọ̀dà funfun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun àwọn òbìrìkìtì náà pa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gun àkàbà, ó kun òrùka náà pẹ̀lú. Kùukùu ò fọwọ́ kan rólà. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àkàbà ló dì mú.

Nígbà tí funfun gbẹ, Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Ó fín inú, ó fa ìlà. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ló gbà á. Ó rí i pé Ẹ́ náà wọ́ díẹ̀, àmì orí À ò sì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni, ó ga jù ú lọ. Kùukùu ní kó fi kún ìlà rẹ̀, kó hàn, kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ṣe é. Omi lé sí Lẹ́tà lójú. Ó ní ọ̀dà ló ta sí òun.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ò tíì lù tó fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára, tó lọ jókòó síwájú ògiri náà láti wo bí ayé ṣe máa ka orúkọ rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan tó dojú kọ ògiri náà gan-an, ibẹ̀ ló jókòó sí. Èèyàn méjì kọjá, wọn ò wò ó. Ẹnì kẹta wò ó, ó mi orí, ó yára lọ. Lẹ́tà rò pé ìyàlẹ́nu ni.

Ó gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí alágbàfọ̀ náà, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù wà lórí aṣọ ẹnì kan, ó ń rú èéfín.

"Màmá, aṣọ ń jó," Lẹ́tà wí.

Obìnrin náà wọlé, ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó padà síbi tó dúró sí. Ó ní òun ò kàwé, kí Lẹ́tà jọ̀wọ́ bá òun ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún ọkùnrin yìí.

"Lẹ́tà ni wọ́n kọ, Màmá. Èmi ni. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́."

Obìnrin náà na ọwọ́ sí ògiri.

"Ọmọ mi ló wà níbẹ̀," ó wí.

Kò pariwo. Bí ẹni tó ń ṣàlàyé àdírẹ́sì fún àlejò ló ṣe sọ ọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà láàárín àwọn alágolo, Òkòtó ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í lè dúró sójú kan. Ògiri yìí ló kùn gbẹ̀yìn kí àìsàn ọjọ́ mẹ́rin tó mú un lọ, ọdún kejì nìyí. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ. Ìgbà tó parí rẹ̀, ó mú ìyá rẹ̀ kọjá títì, ó di ìka rẹ̀ mú, ó fi tọ ọ̀dà náà, O, K, O, T, O. Òun tí kò kàwé, ó lè ka ìyẹn. Bó bá ń lọ aṣọ, ó kàn máa gbójú sókè ni, á kà á, á sì gbé aṣọ mìíràn.

Lẹ́tà bi í léèrè òrùka funfun tó wà lókè.

Obìnrin náà ní àmì àwọn ẹgbẹ́ ọmọ òun nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wọn a gun orí iṣẹ́ rẹ̀, wọn a fi òrùka funfun sórí orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ògiri yẹn mọ́, títí ògiri fúnra rẹ̀ á fi wó. Kò sí alágolo kan tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ta ló fi òrùka náà síbẹ̀?" Lẹ́tà bi í. Inú rẹ̀ ti mọ̀ kó tó la ẹnu.

"Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ni. Kùukùu. Èmi ni mo di àkàbà mú fún un. Ó ń sunkún lókè níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ ná. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Gbogbo ènìyàn ló ń pa òwe yìí, Lẹ́tà náà ti kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò ẹni mẹ́ta, kò mọ̀ pé ó máa ń dunni nínú egungun bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún obìnrin náà pé wọ́n rán òun ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló di rólà mú? Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó dára lọ́rùn.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mi ò lè kà á ni."

Obìnrin náà bi í bóyá kò sẹ́ni tó sọ fún un. Lẹ́tà dìde, ó gbọn eruku ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ilé Kùukùu ló gbà lọ. Ó bá a nídìí tábìlì, ó ń fi pẹ́ńsù ya nǹkan lórí ìwé fífẹ̀ kan. Ògiri yẹn ló yà sórí ìwé náà, gígùn rẹ̀ àti gíga rẹ̀, kò ṣì í, orúkọ KÙUKÙU sì gbà á láti etí dé etí. Etí ìwé náà ti gbó, àmì kọ́ọ̀pù tíì ti gbẹ sí i lára. Kì í ṣe iṣẹ́ àná.

Kùukùu ò sẹ́. Ó ní àwọn tó máa yan ẹni tó máa kun ibùdókọ̀ tuntun ń gba ọ̀nà yẹn kọjá ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní ọdún méjì ni gbogbo ìlú ti ń dúró wo òkú, nígbà tí iṣẹ́ òun tó wà láàyè wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà. Òun ò lè fọwọ́ kan ògiri olóòrùka, àwọn ẹgbẹ́ òun á lé òun dànù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan bá ti kùn ún, iṣẹ́ onítọ̀hún lòun ń kùn lé, kì í ṣe ti òkú. Òfin sì fàyè gbà á, nítorí tòun dára jù ú lọ.

"Wọn ò ní bínú sí yín, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Ta ni ǹ bá tún lò? Ẹlòmíràn á ti kà á."

Lẹ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń padà bọ̀ wá sí i lọ́kàn: irùngbọ̀n búlúù, ẹ̀rín, àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún L tó sanra. Ìyẹn ló dùn ún ju ògiri lọ. Ó ti rò pé ayọ̀ ni.

"Nígbà tí mo kọ́ ẹ ní A," ó wí, "kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ."

Ó jáde, kò ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé àkàbà ara rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti ọ̀pá ìfọwọ́tì rẹ̀ lọ sídìí ògiri. Ó ki rólà bọ funfun, ó kun orúkọ rẹ̀ pa. Ó lérò pé ọwọ́ òun máa wúwo níbẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ló parí. Lẹ́yìn náà, ó fa ìlà orúkọ Òkòtó bí akọ̀wé síńbọ́ọ̀dù, ó kun inú rẹ̀ bí akọ̀wé síńbọ́ọ̀dù, pupa àti yẹ́lò, lẹ́tà tó dúró ṣánṣán tí ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń sáré lè kà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú lẹ́tà yí. Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ní ọ̀sán, alágbàfọ̀ náà kọjá títì wá. Ó na ìka, ó tọ àwọn lẹ́tà tó ti gbẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òun náà ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀."

Àárọ̀ Ọjọ́rú, O ìkẹyìn ló ń parí lọ́wọ́ tí Kùukùu fi dé, ó fa báàgì agolo lọ́wọ́, rólà tuntun yọrí nínú rẹ̀, ìwé fífẹ̀ yẹn wà lábíyá rẹ̀. Ó rí ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kó tó sọ̀rọ̀, alágbàfọ̀ ti sáré jáde sí i, ó ń pè é ní ọmọ mi, ó gbá a mọ́ra. Kùukùu wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí èjìká obìnrin náà.

"Màmá, ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Kò mọ̀ ni. Ká ní mo wà níbẹ̀, ǹ bá ti dá a dúró."

Lẹ́tà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó mú agolo funfun kan nínú báàgì àbúrò rẹ̀, ó mì ín, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Òrùka ló kù," ó wí. "Ìwọ lo kùn ún nígbà àkọ́kọ́."

Kùukùu mọ ohun tí òrùka yẹn jẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Bó bá ti wà lókè, ògiri náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ó wo agolo, ó wo ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ti fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú dè é, bíi tìjọ́sí. Ó gùn ún. Apá rẹ̀ yí, òrùka jáde, ó sì dúró pẹ́ jù lójú kan. Ọ̀dà funfun ṣàn wálẹ̀, ó gba orí Ò àkọ́kọ́ kọjá.

Alágbàfọ̀ wo ọ̀dà tó ń ṣàn. Ó wo rólà tó yọrí nínú báàgì, ó wo ìwé tó ti já bọ́ sílẹ̀, tó sì ṣí. Kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwòrán ògiri tó ń wò lójoojúmọ́, ó sì rí i pé kì í ṣe orúkọ ọmọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" ó bi ẹni tó wà lókè. "Ọmọ ìyá rẹ, kò sì mọ̀?"

Kùukùu yíjú sí òrùka náà. Obìnrin náà tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àkàbà, ó kọjá títì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Àkàbà náà mì. Lẹ́tà gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dì í mú títí àbúrò rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀. Kò gbójú sókè wò ó.